ṢANDILÍÀ: KÍ GAN-AN NI À Ń PÈ BẸ́Ẹ̀?

  

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo la fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígbá ilẹ̀ ọjà, kì í sì í ṣe ti owó ìpàdé tí àwọn kan jẹ (àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti mọ ara wọn). Ọ̀rọ̀ náà ni "ṣandilíà". Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó ń ta ata lè sọ pé kí ló kan òun nínú iná tí olówó ń so rọ̀ sí pálọ̀. Ẹ ní sùúrù, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oníná lè ṣẹlẹ̀ sí aláṣọ, ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí alágbàdo.

ẸJỌ́ TÓ DÉ IWÁJÚ ÌYÁLỌ́JÀ

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ohun èlò iná ní ọjà wa ní oníbàárà kan tó ń kọ́lé. Oníbàárà pè é lórí fóònù, ó ní, "Ẹ bá mi wá ṣandilíà mẹ́ta tó dára, pálọ̀ ni mo fẹ́ gbé wọn kọ́ sí." Ó san àsansílẹ̀. Owó yẹn kò tó, ṣùgbọ́n obìnrin wa yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni, ó fi owó àjọ kún un, ó wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Alábà ní Èkó, ó ra mẹ́ta. Ọjà tó rà dára. Gíláàsì róbótó ni, gílóòbù kan wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣéènì ló fi ń rọ̀ láti òkè.

Nígbà tí oníbàárà tú páálí, ó pariwo. Ó ní, "Dróòpù lẹ rà fún mi yìí! Ṣandilíà ni mo ní kí ẹ rà." Obìnrin wa ní, "Ṣé kò rọ̀ ni? Ṣé kò lẹ́wà ni? Kí ni ṣandilíà bí kò bá ṣe iná tó ń rọ̀?" Ẹni tó ta ọjà fún un ní Alábà sì ti sọ fún un pé ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú ìyálọ́jà. Ìyálọ́jà ní kí wọ́n mú rísíìtì wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju "ṣandilíà 3" àti iye owó lọ. Kò sí àwòrán, kò sí iye gílóòbù, kò sí bó ṣe gùn tó. Ìyálọ́jà wá bi àwọn méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Kí lo mọ̀ sí ṣandilíà?" Oníbàárà ní iná tó ní apá bí igi tó yẹ̀ka, tí nǹkan dídán ń ṣẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Obìnrin wa ní iná èyíkéyìí tí a bá so rọ̀ láti àjà fún ẹ̀ṣọ́ ilé. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Bí kálukú ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà ló ṣe sọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe parí ẹjọ́ náà nìyí: obìnrin wa gba iná mẹ́ta náà padà sí ìsọ̀ rẹ̀, àsansílẹ̀ oníbàárà dúró de ṣandilíà gidi, àwọn méjèèjì sì jọ pín owó ọkọ̀ san. Ìjà tán, ṣùgbọ́n owó há. Iná mẹ́ta yẹn pẹ́ nínú ìsọ̀ kó tó rí ẹni rà á. Owó àjọ tó yẹ kó fi san owó ilé ìwé ọmọ wà lórí òkè níbẹ̀, ó ń rọ̀ dirodiro, inú àpò ẹgbẹ́ ló sì ti yá èyí tó fi san án. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo ló fa gbogbo èyí.

Ẹ̀yin ará ọjà, ọ̀rọ̀ ẹnu náà, kóńgò ni. Bí kóńgò olóúnjẹ bá tẹ̀ nísàlẹ̀, gbogbo wa la máa ń pariwo pé ó ń rẹ́ni jẹ. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń tà ń lò kò bá dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó ń rà, kóńgò méjì ló wà lórí àtẹ yẹn, ìjà ló sì máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

NÍBO NI ỌMỌ ÒYÌNBÓ TI RÍ I?

A wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á lò, àwa náà gbà á lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí rẹ̀ ni àbẹ́là. Láyé àtijọ́, kí iná mànàmáná tó dé, igi méjì tí wọ́n fi dábùú ara wọn ni wọ́n máa ń so rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin nílẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n á fi irin ṣóńṣó sí orí rẹ̀, wọ́n á gún àbẹ́là mọ́ ọn, wọ́n á tàn án, wọ́n á sì fi okùn fà á lọ sókè. Ohun tó ń gbé àbẹ́là ni. Nígbà tó yá, wọ́n fi idẹ ṣe é, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so gíláàsì gígé mọ́ ọn, nítorí pé gíláàsì máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, àbẹ́là díẹ̀ á wá mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó pọ̀.

Ìlú Venice ní Ítálì àti ilẹ̀ Bohemia, tó wà ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì lónìí, ni orúkọ wọn dún jù nídìí gíláàsì yìí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1674, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Ravenscroft gba ìwé àṣẹ fún irú gíláàsì tuntun kan. Òjé tí wọ́n wá ń pò mọ́ irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kó wúwo, kó sì máa dán yinrinyinrin.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù nínú ìwádìí yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà ní ẹbí tó jẹ́ oníṣòwò. Ẹni tó ń ṣe àbẹ́là tó sì ń tà á, "chandler" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, láti ìdí kan náà. Àwọn tó ń ta àbẹ́là ní Lọ́ńdọ̀nù ní ẹgbẹ́ bíi tiwa. Àwọn tó ń fi ọ̀rá ẹran ṣe é gba ìwé àṣẹ ọba ní 1462, àwọn tó ń fi ìda oyin ṣe é gba tiwọn ní 1484. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn ni láti rí i pé ẹnikẹ́ni kò fi ayédèrú ìda ta fún ará ìlú. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ ọlọ́jà kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa? Kí orúkọ ọjà àti ọjà fúnra rẹ̀ bára mu, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀YIN TÓ Ń LỌ SÍ KÙTỌNÚ, Ẹ GBỌ́ O

Ìyàlẹ́nu wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Faransé tó ni ọ̀rọ̀ náà kì í pe iná tó ń rọ̀ láti àjà ní "chandelier" lónìí. Lọ́dọ̀ tiwọn, "chandelier" ni ọ̀pá tó dúró lórí tábìlì tí wọ́n ń ki àbẹ́là bọ̀. Èyí tó ń rọ̀ láti òkè, "lustre" ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Bùràsíìlì náà ń pè é ní "lustre" ní èdè Potogí tiwọn.

Ẹ wá wò ó. Ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ sí Kùtọnú, ó wọ ọjà Dantokpa, ó bá ẹni tó ń sọ Faransé, ó ní ṣandilíà lòún fẹ́. Bí wọ́n bá gbé ọ̀pá àbẹ́là jáde fún un, wọn kò rẹ́ ẹ jẹ, ohun tó dárúkọ ni wọ́n gbé wá. Bó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ wa ló bá níbẹ̀, èdè wa ni kó sọ, kó sì fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Bó bá jẹ́ Faransé ni, "lustre" ni kó bèèrè.

ṢÉ YORÙBÁ KÒ NÍ TIWA NI?

Àwọn kan ní ìpàdé sọ pé ìtìjú ni pé a kò ní orúkọ fún un. Àwa kò rí i bí ìtìjú. Láyé àwọn ìyá ìyá wa, àtùpà amọ̀ ló wà, epo pupa nínú rẹ̀, òwú ni wọ́n fi ń tàn án. Fìtílà tí gbogbo wa ń pè yìí, ọ̀dọ̀ Hausa ló gbà wá, Hausa sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá, òwú àtùpà gan-an ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lọ́hùn-ún. Àbẹ́là tí à ń tàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, "vela" àwọn Potogí ló di ti wa bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọjà bá gbà wọ̀lú, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ń gbà wọlé. Lónìí, ta ló ń sọ pé fìtílà kì í ṣe Yorùbá?

Nínú Bíbélì Yorùbá, ọ̀pá fìtílà wà nínú ìwé Ẹ́kísódù, ẹ̀ka mẹ́fà ló yọ lára rẹ̀, fìtílà méje ló sì wà lórí rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí wa náà mọ̀ pé Sura Nur sọ̀rọ̀ fìtílà tó wà nínú gíláàsì. Nítorí náà, iná ẹlẹ́ka àti iná inú gíláàsì kò ṣàjèjì sí etí wa. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ dábàá ní ìpàdé pé kí á máa pe ṣandilíà ní "iná ẹlẹ́ka", kí á sì máa pe gbogbo iná yòókù tó ń rọ̀ láti òkè ní "iná àsorọ̀". Ó dùn mọ́ wa nínú. Gbogbo iná ẹlẹ́ka tí a gbé kọ́ àjà ló jẹ́ iná àsorọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iná àsorọ̀ ló lẹ́ka. Ibi tí ẹjọ́ ọjọ́sí wà gan-an nìyẹn.

Orúkọ sì lè dúró lẹ́yìn tí nǹkan ti yí padà. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iná mànàmáná ní Èkó. NEPA dé ní 1972, ó di PHCN ní 2005, ìjọba sì fà á lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní 2013. Síbẹ̀, bí iná bá dé lónìí, kí ni àwọn ọmọ wa ń pariwo? "Ọ́ọ̀pù NEPA!" NEPA ti lọ, orúkọ rẹ̀ kò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣandilíà ṣe rí: àbẹ́là ti kúrò lórí rẹ̀, orúkọ àbẹ́là ṣì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí gílóòbù kan tí wọ́n ṣe bí iná àbẹ́là, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ó ń rántí ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ JẸ́ KÍ Á YÀ WỌ́N SỌ́TỌ̀

Bí a ṣe rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta iná àti àwọn oníṣẹ́ iná, báyìí ni kí á máa pè wọ́n:

Ṣandilíà: ó ń rọ̀ láti àjà, ó ní apá tàbí ipele, gílóòbù rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Ó lè ní kírísítálì, ó lè má ní. Kì í ṣe kírísítálì ló sọ ọ́ di ṣandilíà.

Dróòpù, tí àwọn mìíràn ń pè ní pẹ́ńdáǹtì: ó ń rọ̀ lórí wáyà, ọ̀pá tàbí ṣéènì, orí kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní. Bí wọ́n bá so mẹ́ta pọ̀ lórí irin kan, dróòpù olórí mẹ́ta ni kí ẹ kọ, kí ẹ má kọ ṣandilíà.

Iná àjà: ó lẹ̀ mọ́ àjà pẹ́kípẹ́kí, kò rọ̀ rárá. Bó ti wù kó dán tó, kì í ṣe ṣandilíà.

Wọ́ọ̀lù bírákẹ́ẹ̀tì: ara ògiri ló ń gbé.

Iná Kérésìmesì: wíwẹ́wẹ́ ni, orí okùn wáyà gígùn ló wà, ẹ̀ka igi tàbí ojú ilé ni wọ́n ń ta á sí.

Ọ̀pọ̀ iná tí à ń tà lónìí, láti Ṣáínà ló ti ń wá, pàápàá láti ìlú Guzhen, tó jẹ́ pé òwò iná ilé ni ìlú náà fi lórúkọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí nìkan. Ẹ tú u, ẹ wò ó.

KÍRÍSÍTÁLÌ NÁÀ NÍ Ẹ̀TÀN

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń rẹ́ni jẹ nídìí òwò yìí ni kírísítálì. Àwọn kan ń pe rọ́bà dídán ní kírísítálì. Ẹ fi ọwọ́ kàn án: gíláàsì máa ń tutù lọ́wọ́, rọ́bà kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e wò: gíláàsì wúwo, rọ́bà fúyẹ́. Ẹ fi èékánná ta á: gíláàsì máa ń dún gooro, ti rọ́bà máa ń dún pọ́. Kò burú láti ta rọ́bà o, ó rọrùn lówó, kì í sì í tètè fọ́ lọ́nà. Ohun tó burú ni kí á ta rọ́bà ní owó gíláàsì.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ LÈ PA ÈNÌYÀN

Ẹ má rò pé owó nìkan ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí lè gbà lọ́wọ́ ẹni. Ṣandilíà wúwo. Ní ààfin Dolmabahçe ní Istanbul, nílẹ̀ Tọ́kì, ọ̀kan wà níbẹ̀ tó wọn tọ́ọ̀nù 4 àti àbọ̀, gílóòbù 750 ló wà lórí rẹ̀. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kéré gan-an lè fọ́ orí ọmọdé. Bí oníbàárà bá sọ fún oníṣẹ́ iná pé "iná kékeré kan ni", ara POP ló máa so ó mọ́. POP kò lè gbé ẹrù. Inú dẹ́kì tàbí igi àjà tó lágbára ni ìkọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀. Bí ẹ bá ń ta á, ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á bó ṣe wúwo tó, kó lè sọ fún oníṣẹ́ kí wọ́n tó bo àjà.

Iye gílóòbù náà ṣe pàtàkì. Bí ṣandilíà bá ní gílóòbù 12 ti àtijọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wọ́ọ̀tì 40, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wọ́ọ̀tì 480. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí jẹnẹrétọ̀ kékeré máa gbé, fíríìjì kò sì tíì sí nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ gílóòbù LED tó jẹ́ wọ́ọ̀tì 5 ni, 60 péré ni gbogbo rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àtijọ́ dọ́gba. Ẹ bi oníbàárà pé kí ló fi ń tan iná nílé.

Ẹ̀YIN TÍ KÌ Í TA INÁ ŃKỌ́?

Ẹ̀yin tó ń yá ènìyàn ní ìjókòó àti ẹ̀ṣọ́ òde ìnáwó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ìyá ìyàwó bá ní kí ẹ so ṣandilíà márùn-ún sínú gbọ̀ngàn, ẹ fi àwòrán hàn án kí ẹ tó gba owó. Ẹ̀yin tó ń ta yẹtí àti ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ti ń gbọ́ "yẹtí ṣandilíà". Yẹtí tó gùn, tó yẹ̀ka, tí nǹkan ń já wálẹ̀ lára rẹ̀ ni. Ara iná ni wọ́n ti yá orúkọ rẹ̀. Yẹtí tó gùn tí kò yẹ̀ka, yẹtí gígùn lásán ni.

Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ ronú sí léèsì. Ẹ̀yin onírẹsì, ẹ ronú sí ohun tí oníbàárà ń pè ní "rẹsì dáadáa". Kò sí ìsọ̀ kan tí ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ jù ọjà lọ kò sí.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ FẸNU KÒ LÉ LÓRÍ

Kí ẹ tó gba owó lórí iná àsorọ̀ èyíkéyìí, ẹ bèèrè nǹkan márùn-ún yìí:

1. Apá tàbí orí mélòó ni?
2. Gílóòbù mélòó ni, ṣé ó wà nínú owó rẹ̀, àbí oníbàárà á rà á lọ́tọ̀?
3. Gíláàsì ni tàbí rọ́bà?
4. Báwo ni ó ṣe máa gùn wálẹ̀ tó, báwo sì ni àjà ilé náà ṣe ga tó?
5. Ta ni yóò so ó, kí sì ni yóò so ó mọ́?

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìdáhùn sínú rísíìtì. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kó pe ọmọ tó lè kọ ọ́, tàbí kó wá bá wa ní ìsọ̀ akọ̀wé, a kò ní gba kọ́bọ̀. Bí fóònù yín bá lè ya àwòrán, ẹ ya á, kí ẹ fi ránṣẹ́, kí oníbàárà fèsì pé "òun nìyẹn" kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Alábà. Ẹjọ́ tó bá tún dé iwájú ìyálọ́jà láìsí rísíìtì tó ṣàlàyé ọjà, ẹni tó kọ rísíìtì ló máa ru ẹrù owó ọkọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Gíláàsì náà rí bẹ́ẹ̀, owó àjọ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ tí a máa ń ṣe é, ẹ má pẹ́ dé o. Ẹ mú orúkọ ọjà tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ní láìnì tiyín wá, òun la ó kọ síwèé lóṣù tó ń bọ̀.